Bí Mo Ṣe Yan Òtẹ́ẹ̀lì Létí Èbúté fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti kọjá díẹ̀, òjò oṣù kẹfà sì ń lu páànù ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Sábó bí ẹni pé ó fẹ́ já a sílẹ̀. Kíláàsì èdè Faransé tí àwa àgbàlagbà ń ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Omi ti dá tíṣà wa dúró lọ́nà. Èmi nìkan ni mo ti dé, nítorí pé bí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú ni mo ti máa ń kúrò ní ọ́fíìsì. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo gbé fóònù mi sórí tábìlì, mo sì ń wo àwòrán yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan tí ó wà ní ìlú kékeré kan létí òkun ní ilẹ̀ Faransé.

Yàrá náà dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ibùsùn rẹ̀ funfun, aṣọ fèrèsé rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ojú ọ̀run, òdòdó pupa wà nínú ìkòkò amọ̀ lẹ́bàá ògiri. Yàrá inú òtẹ́ẹ̀lì náà kò pọ̀, onílé fúnra rẹ̀ ni ó sì ń se oúnjẹ àárọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán náà pé ẹnikẹ́ni kò ní gun òkè kí ó tó dé ibẹ̀. Gbólóhùn yẹn ni mo ti ń wá kiri láti ìgbà ọdún Àjíǹde.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ń wá a fún. Òun ni ó tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Tíṣà ni, jọ́gíráfì ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Súrùlérè. Nínú ìwé tí ó fi ń kọ́ wọn, àwòrán èbúté kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké tí wọ́n so mọ́ odi òkúta. Ó ṣe àlàyé àwòrán yẹn fún àwọn ọmọ títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì fi ojú rí irú ibẹ̀ rí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ń dá gbọ́ bùkátà ara wọn, ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìsìn pé òun fẹ́ lọ wo irú èbúté bẹ́ẹ̀ kí orúnkún òun tó kọ̀ fún òun pátápátá.

Orúnkún náà gan-an ni ìṣòro. Dókítà ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi náà sì ti sọ tirẹ̀ fún èmi àti àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin.

"Bí ó bá jẹ́ pé ṣe ni wọn yóò gbé mi gun òkè bí àpò ìrẹsì, ẹ yáa fi mí sílẹ̀ sí Súrùlérè. N ò ní lọ sọ ara mi di ẹrù fún ẹnikẹ́ni."

Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Àtẹ̀gùn kan tí a kò mọ̀ nípa rẹ̀ ti tó láti dá a padà láti ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì. Bí ó bá sì padà lẹ́ẹ̀kan, kò ní tún gbéra mọ́.

Ọmọ rẹ̀, tí ń ta kọ̀ǹpútà ní Yábà, ti yan ibi tirẹ̀: òtẹ́ẹ̀lì gàgàrà kan ní ẹ̀yìn odi olú ìlú wọn, tí ó ní lífítì, tí ó ní odò ìlúwẹ̀ẹ́, tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ògiri. Òkun nìkan ni kò sí nítòsí. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó ṣáájú ọjọ́ òjò tí mo ń sọ yìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí oúnjẹ.

"Ọ́ńkù, ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí gbogbo ayé ń lọ. Òtẹ́ẹ̀lì kékeré tí ẹ ń wá yìí, ilé ìyá arúgbó kan ni o. Ó kàn gbé pátákó kọ́ iwájú ilé ni."

"Bí ìyá arúgbó náà bá mọ́ tónítóní, kí ló kàn ọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má jà nítorí tèmi. Ìwọ ọmọ mi, kí ni n ó fi odò ìlúwẹ̀ẹ́ ṣe? Ṣé èmi yìí ni n ó bọ́ra sílẹ̀ fún àwọn òyìnbó, tí n ó máa lúwẹ̀ẹ́ bí ọmọ Ìwáyà létí ọ̀sà?" Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ náà, Ọ̀gbẹ́ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Láti ọdún Àjíǹde ni o ti ń yan òtẹ́ẹ̀lì. Ọjọ́ Ẹtì ni a ó gbé ìwé wa lọ fún físà, wọn yóò sì béèrè ibi tí a ó dé sí. Bí o kò bá rí i, ti ọmọ mi ni a ó mú, n ó sì jókòó ti tẹlifíṣọ̀n."

Mo ní kí ó fún mi di Ọjọ́bọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀sọ̀ mi ti ń sú wọn.

Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn sí yàrá olódòdó yẹn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó kù díẹ̀ kí n tẹ ibi tí wọ́n ti ń gbà á. Bóyá òjò tí ń rọ̀ ni kò jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tí ó bá ti wá ilé gbà ní àdúgbò wa mọ̀ pé a kì í gba ilé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láìbéèrè bí ó ṣe ń rí nígbà òjò, a kì í sì í gba ọ̀rọ̀ éjẹ́ǹtì gbọ́ láìbi ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì. Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi ń wá ilé ní Pápá Àjàó, éjẹ́ǹtì búra fún wa pé omi kì í wọ ilé kan báyìí. Ọkùnrin tí ń lẹ táyà lódìkejì ni ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ó fi ọwọ́ hàn mí lára ògiri ibi tí omi ga dé. Kò sì jẹ́ ẹ̀bi ilé náà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti da ọ̀dà sójú títì ni títì ń ga sí i, tí ilé sì ń dà bí ẹni tí ń rì. Ilé tí títì bá ti ga jù lọ, àwo ọbẹ̀ ni lójú òjò.

Mo fi ìka méjì fẹ àwòrán yàrá náà lójú fóònù. Mo wo ibùsùn, mo wo ilẹ̀, mo wo fèrèsé. Lẹ́yìn aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run yẹn ni mo ti rí ohun tí mo ti ń wò láti ìgbà yìí wá tí n kò rí: bàtà. Bàtà ẹni tí ń kọjá lójú títì, ní òkè fèrèsé pátápátá.

 Òótọ́ ni wọ́n kọ pé ẹnikẹ́ni kò ní gun òkè kí ó tó dé ibẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀.

Ìròyìn kò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n n kò lè fi ojú ba ibẹ̀ láti Sábó. Mo wá àdúgbò náà lórí máàpù inú fóònù, mo rí i pé ilé búrẹ́dì kan dojú kọ òtẹ́ẹ̀lì náà, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí tíṣà wa ti ń sọ pé kí olúkúlùkù wá ẹni tí kò ní ṣàánú rẹ̀, kí ó bá a sọ èdè náà. Mo pè é. Obìnrin kan gbé e.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Màdáámù," ni mo wí ní èdè Faransé, bí mo ṣe máa kí ẹnikẹ́ni ní Súrùlérè. "Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé àlàáfíà ni? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

 N kò mọ̀ pé lọ́dọ̀ wọn, ẹni tí kò bá mọni rí kì í béèrè ọmọ ẹni.

"Àwọn ọmọ wà," ni ó fi ìfura dáhùn. "Ta nìyí? Ṣé ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni yín?"

"Rárá o. Èkó ni mo ti ń pè, ní Nàìjíríà. Òtẹ́ẹ̀lì tí ó dojú kọ yín ni mo fẹ́ bi yín nípa rẹ̀."

"Búrẹ́dì ni mò ń tà níbí, Ọ̀gbẹ́ni. Ẹ pe òtẹ́ẹ̀lì."

"Màdáámù, ní ìlú wa, a kì í bi onílé bí ilé rẹ̀ ṣe rí. Aládùúgbò rẹ̀ ni a ń bi."

 Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ó mú mi gbé fóònù kúrò létí. Mo gbọ́ tí ó ń ké sí àwọn tí ó wá ra búrẹ́dì pé, "Ẹ gbọ́ o, ọkùnrin kan ń pè láti Áfíríkà, aládùúgbò ni ó ń wá!" Wọ́n rẹ́rìn-ín ní ọ̀hún. Ó padà sórí fóònù.

"Ó dáa, aládùúgbò. Kí ni ẹ fẹ́ mọ̀?"

Mo sọ ti orúnkún ẹ̀gbọ́n mi fún un. Mo ṣàpèjúwe yàrá náà.

"Á à, yàrá yẹn! Àtẹ̀gùn òkúta ni wọ́n fi ń sọ̀kalẹ̀ sí i láti ojú títì. Ó lẹ́wà, àwọn tọkọtaya tuntun fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí orúnkún ń dùn? Rárá, rárá."

"Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Ṣé omi kì í wọ ibẹ̀?"

"Ta ni ó sọ ọ̀rọ̀ omi fún yín?"

"Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́. Bàtà ni mo rí lójú fèrèsé."

Ó tún rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu mi dùn. Ó béèrè ariwo tí òun ń gbọ́ lẹ́yìn mi, mo ní òjò tiwa ni. Mo wá bi í ní ìbéèrè tí a máa ń fi kádìí rẹ̀ nílé: "Bí ó bá jẹ́ ìyá tí ó bí yín ni, ibo ni ẹ máa fi í sí?"

Kò tilẹ̀ rò ó. Ó dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì mìíràn, ilé kan ní etí èbúté, tí mo ti fò kọjá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nítorí pé àwòrán kan ṣoṣo ni ó ní, tí àwòrán náà sì ṣókùnkùn. Ó ní ọ̀pá ni ìyá òun fi ń rìn, kò sì sí ọjọ́ Àìkú tí kì í lọ ta káàdì pẹ̀lú obìnrin tí ó ni ilé náà. "Láti ojú títì, ẹ kàn máa wọlé ni."

Bí mo ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni tíṣà wa wọlé, tí omi ń kán lára rẹ̀. "Ta ni ẹ ń bá tàkúrọ̀sọ báyẹn?"

"Aládùúgbò mi ni, sà."

Lọ́jọ́ kejì mo pe obìnrin onílé létí èbúté náà, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbé fóònù lọ́wọ́, kí ó rìn láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà, kí n máa wò ó. Ó gbà. Ó rìn dé ìta, ó gbé fóònù sókè kí n lè rí omi.

"Ẹ jọ̀wọ́, Màdáámù, ẹ yí i padà sí ilẹ̀."

"Ẹ ò fẹ́ wo òkun?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni yóò wo òkun. Ilẹ̀ ni tèmi."

Ilẹ̀ náà tẹ́jú láti ibùsùn dé etí omi. Mo ní kí ó padà, kí ó tún un rìn. Ó tún un rìn.

Nígbà tí mo ròyìn fún ẹ̀gbọ́n mi ní Ọjọ́bọ̀, ọmọ rẹ̀ pàtẹ́wọ́. "Mọ́mì, ṣé ẹ gbọ́? Ọ́ńkù pe oníbúrẹ́dì ní ilẹ̀ Faransé!"

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi.  "Ìyá oníbúrẹ́dì yẹn, orúnkún ni tàbí ìbàdí?"

"N kò béèrè, Ẹ̀gbọ́n."

"Ìwọ? O ò béèrè?" Ó gbá itan, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Kọ orúkọ ilé náà sílẹ̀. Mo ń lọ."

Wọ́n fún wa ní físà. Ní oṣù kẹsàn-án, èmi àti òun dé ìlú náà ní ìrọ̀lẹ́, ó ti rẹ̀ wá, a sì sùn láìwo ohunkóhun. Yàrá tèmi wà lókè, tirẹ̀ wà nísàlẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo sọ̀kalẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kò sí ẹni níbẹ̀.  Mo sáré jáde.

Ó wà létí èbúté, nínú bùbá àti ìró àti súwẹ́tà, ó dúró láàárín àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké náà. Búrẹ́dì gígùn kan wà ní abíyá rẹ̀. Ó ti dá lọ sí ilé búrẹ́dì kí n tó jí, ó ti ra ti gbogbo wa, ó sì ti ń bọ̀. Mo nawọ́ láti di apá rẹ̀ mú.

"Má dì mí mú," ni ó wí. "Ṣé ìwọ ni o mú mi dé ibí?"

"Èmi kọ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Irọ́ ni. Ìwọ ni. Ṣùgbọ́n má dì mí mú."

Ó rìn níwájú mi padà sí òtẹ́ẹ̀lì, ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé láìfara ti nǹkan kan, ó sì gbé búrẹ́dì náà kalẹ̀ níwájú obìnrin onílé bí ẹni gbé ife-ẹ̀yẹ kalẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, oníbúrẹ́dì mú ìyá rẹ̀ wá kí wa. Orúnkún ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó bi í fúnra rẹ̀, ó fi ọwọ́ tọ́ka sí i, ìyá náà sì na méjèèjì hàn án.

Láti ìgbà tí a ti padà dé Èkó, ẹ̀gbọ́n mi ń dá rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú, kò sì dúró de mọ́tò ọmọ rẹ̀ tí ó máa ń gbé e lọ tẹ́lẹ̀ mọ́.