Ọbẹ̀ Kọ́rì Tí Màmá Mi Sè Láìtọ́ Ọ Wò Rí

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju sítóòfù ìyá mi lọ, ilé oúnjẹ àwọn ará Íńdíà kan wà ní ojú títì ńlá nítòsí ilé wa ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí. Ará Íńdíà ni gbogbo wa ń pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ará Bàngíládéèṣì ni wọ́n, láti orí ọ̀gá ibẹ̀ dé orí ẹni tó ń fọ àwo. Mùsùlùmí bíi tiwa ni wọ́n, ìyẹn ló sì jẹ́ kí bàbá mi máa jẹun níbẹ̀ láìfòyà ẹran. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fún yín, ẹ̀yin ọmọ mi: títí di òní, bí mo bá gba iwájú irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kọjá, tí òórùn àlùbọ́sà àti òróró gbígbóná bá fẹ́ sí mi nímú, ńṣe ni èébì máa ń gbé mi. Kì í ṣe pé oúnjẹ wọn burú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa nítorí rẹ̀ ló ń rí mi lára.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni bàbá mi. Wọn a wa ọkọ̀ láti Peckham dé Lewisham, wọn a tún gba Forest Hill padà, àwọn èrò a sì máa bú wọn bí ẹni bú ọmọ ọ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n máa ń bẹ̀bẹ̀ fún shift àárọ̀ kí wọ́n lè bá ìrun Jímọ̀. Ilé gbígbé kan báyìí ni àwọn Mùsùlùmí àdúgbò fi ń ṣe mọ́sálásí nígbà náà, ibẹ̀ kún débi pé ìgúnpá ẹnìkan wà nínú ìhà ẹnìkejì. Ọ̀gá ilé oúnjẹ yẹn máa ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, èjìká sí èjìká, wọ́n sì ń pe ara wọn ní brother. Bí wọ́n bá ti kírun tán, bàbá mi a tẹ̀lé e lọ sí ilé oúnjẹ rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ a fa àga fún wọn, wọn a pè wọ́n ní sà, wọn a sì gbé kọ́rì ẹran àgùntàn síwájú wọn.

Àwọn nìkan ni o. Wọn kò mú Màmá lọ rí, wọn kò mú èmi lọ rí. Wọ́n ní ibẹ̀ kò yẹ obìnrin àti ọmọdé. Bí wọ́n bá délé, ìrẹsì àti ọbẹ̀ díndín tí Màmá fi àwo bò mọ́lẹ̀ dè wọ́n láti ọ̀sán wà níbẹ̀. Wọn a ṣí i wò, wọn a tún dé e. "Mo ti yó," ni wọ́n máa ń wí. Wọn a wá jókòó, wọn a máa tayín, wọn a sì máa ròyìn ọbẹ̀ ẹlòmíràn fún ìyàwó wọn: bó ṣe ń dán, bí kò ṣe ní èérún kankan nínú, bó ṣe ń yọ̀ lọ sínú ọ̀fun fúnra rẹ̀. Èmi ọmọdé tó jókòó síbẹ̀, mo máa ń wo igi ìtayín yẹn lẹ́nu wọn, ara mi a sì bù máṣọ.

Ẹ má gbàgbé pé Màmá mi kì í ṣe ẹni tí kò mọ ọbẹ̀ sè. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọmọ lórúkọ ní ẹ̀sítéètì wa, Màmá mi ni wọ́n ń wá pè sídìí ìkòkò. Nítorí náà, nígbà tí aládùúgbò wa kan pè wọ́n níbi ìfọṣọ, tó ní, "Ìyàwó, ẹ kì í dáná ní Fridays mọ́ ni? Mo máa ń rí Uncle through the window," ó wọ Màmá lára. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọkọ àwọn ń bá àwọn ọ̀rẹ́ ṣeré ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń gun àtẹ̀gùn padà, wọ́n sọ fún mi pé àwọn máa se kọ́rì yẹn. Àwọn máa sè é nílé yìí, ọkọ àwọn á sì máa jẹ ẹ́ nínú ilé rẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Màmá ò tọ́ ọ wò rí. Òórùn tó bá lẹ̀ mọ́ kóòtù bàbá mi àti ìròyìn ẹnu wọn ni gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ kọ́rì tiwa, ìyẹ̀fun aláwọ̀ yẹ́lò inú agolo kékeré tí a ń bù ṣíbí kan sí ọbẹ̀ díndín pẹ̀lú táìmù. Kọ́rì kan ṣoṣo tí Màmá mọ̀ láyé nìyẹn. Wọ́n bá dín ata àti tàtàṣé bí ìṣe wọn, ó dín títí òróró fi léfòó, wọ́n wá da ìlàjì agolo kọ́rì sí i. Ó korò! Ó ń rún lẹ́nu bí iyanrìn, ó sì pa ahọ́n mi láró fún ọjọ́ méjì. Bàbá mi tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Ṣé yẹ̀pẹ̀ lo bù sí i ni?" Nílé wa, a kì í da oúnjẹ nù. Èmi àti Màmá la jẹ ẹ́, ìkòkò ńlá gbáko.

Wọ́n tún gbọ́ níbìkan pé yọ́gọ́ọ̀tì ló ń mú un dán. Wọ́n gbé e tútù jáde láti inú fíríìjì, wọ́n sì dà á sórí ọbẹ̀ tó ń hó. Lójú ẹsẹ̀ ló pín, ó ṣe kóró-kóró, omi lọ lọ́tọ̀, ó wá dà bí ohun tí ọmọ ọwọ́ pọ̀ sí èèyàn léjìká. Wọ́n tún ti ju àwọn èso kékeré olóòórùn kan tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù Íńdíà sí i, odindi, láìyọ wọ́n kúrò. Bàbá mi gé ọ̀kan jẹ. Wọ́n tu ú sí àtẹ́lẹwọ́, tìtọ́ tìtọ́, wọ́n sì na ọwọ́ náà sí wa kí a wò ó. Ẹ gbà mí o! Mo ṣì ń rí ọwọ́ yẹn títí di òní. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n gba ilé oúnjẹ wọn lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, Màmá ò dán an wò mọ́. Mo rò pé wọ́n ti gbà fún Ọlọ́run ni. Kò pẹ́ sígbà náà ni mo ṣàkíyèsí pé aṣọ wọn ń rùn bí wọ́n bá wá mú mi ní iléèwé. Òórùn àlùbọ́sà bíbọ̀ ni, ó le débi pé àwọn ọmọ kíláàsì mi ń di imú. Nígbà tí mo sunkún lé wọn lórí, wọ́n jẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n ti rí ìwé kékeré kan lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé oúnjẹ yẹn pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa nulẹ̀ láàárọ̀. Màmá mi, tí ń ránṣọ jẹun nílé tiwọn, lọ gba iṣẹ́ ìnulẹ̀, àárọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀, bí wọ́n bá ti mú mi dé iléèwé. Wọn kò sọ orúkọ ọkọ wọn fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n ní bí Dádì bá béèrè, kí n ní àwọn lọ sí ọjà ni.

Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀, pẹ̀lú ìrira ni wọ́n fi ń sọ ọ́ fún mi, bí ẹni pé ẹnìkan hùwà àìtọ́ lójú wọn. Ìkòkò kan wà tó tó kí ọmọdé jókòó sínú rẹ̀. Àràárọ̀ ni alásè ibẹ̀ ń da àlùbọ́sà sí i, àpò kan odindi, pẹ̀lú atalẹ̀, aáyù, tòmátò díẹ̀ àti òróró, a sì bọ̀ ọ́ títí yóò fi rà. "Àlùbọ́sà bíbọ̀!" ni Màmá wí. "Kò dín in o! Kò sí ata níbẹ̀! Díẹ̀ ló kù kí n bì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń nulẹ̀." Lẹ́yìn náà ni yóò lọ̀ ọ́ kúnná, yóò sì gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Inú omi àlùbọ́sà kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo kọ́rì wọn ti ń jáde, ti adìẹ, ti àgùntàn, ti edé. Bí ẹnìkan bá béèrè, alásè a mú páànù gbígbóná, a dín aáyù àti àwọn ìyẹ̀fun olóòórùn wọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, a bu ṣíbí ńlá kan láti inú ìkòkò, a jẹ́ kó gbẹ títí yóò fi fẹ́ lẹ̀ mọ́ páànù, a fà á kúrò, a tún bu òmíràn sí i. Ẹran tó ti sè tẹ́lẹ̀ ló máa kẹ́yìn. Kò fi nǹkan kan pamọ́ fún Màmá, nítorí kò sí ẹni tó ń rí ẹni tó ń nulẹ̀.

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan tí bàbá mi kò lọ síbi iṣẹ́, Màmá sè é. Wọ́n bọ àlùbọ́sà, wọ́n ń dijú bí wọ́n ṣe ń rò ó, ojú wọn rí bí ojú ẹni tó ń fọ ilé ìgbẹ́. Síbẹ̀ wọn kò bu ata kún un, wọ́n ṣe é gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rí i. Wọ́n gbé e ka iwájú bàbá mi.

Bàbá mi jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dúró. Wọ́n tún jẹ. Wọ́n wo inú àwo, wọ́n wo ojú Màmá.

"Níbo lo ti ra eléyìí?"

"Mi ò rà á o, èmi ni mo sè é."

"Má parọ́ fún mi. Mo mọ ọbẹ̀ wọn. Bí wọ́n bá di mí lójú, mo mọ̀ ọ́n. O lọ fowó ra takeaway, o wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé mi?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo rí ojú ìyá mi nígbà yẹn. Inú wọn dùn! Ètè ìsàlẹ̀ ni wọ́n gé jẹ kí ẹ̀rín má baà bọ́. Ẹnìkan ṣoṣo tó lè sọ bóyá ọbẹ̀ yẹn dójú àmì ti sọ ọ́, Màmá ì bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí bàbá mi máa pè wọ́n ní onírọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo fò dìde, mo fẹ́ gbèjà ìyá mi.

"Dádì, it's not fair! Màmá ò rà á! Wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀ ni! She mops the floor there, every week, kí wọ́n lè máa wo bí alásè ṣe ń sè é!"

Bàbá mi gbé ṣíbí kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọn kò pariwo rárá. "Ìwọ, ìyàwó mi," ni wọ́n wí, "ìwọ lò ń nulẹ̀ fún ọkùnrin tí èmi àti ẹ̀ jọ ń forí kanlẹ̀. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó ní Jímọ̀?" Wọ́n dìde, wọ́n lọ sídìí ẹ̀rọ omi inú kíṣìnì, wọ́n bu omi sẹ́nu, wọ́n fi ṣan ẹnu, wọ́n tu ú. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ẹni tó ṣèèṣì jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ẹran tí wọ́n pa nílànà ẹ̀sìn ni o, ọwọ́ ìyàwó wọn tó mọ́ ló sì sè é. Wọn kò béèrè bóyá eékún ń dun Màmá. Wọn kò béèrè ìdí tí Màmá fi lọ. Bàbá mi ni, mo sì ń tọrọ àforíjìn fún wọn lọ́dọ̀ Ọlọ́run lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ìró omi yẹn, bó ṣe ń bọ́ sínú síńkì, ó ṣì ń rí mi lára.

Wọn kò dé ilé oúnjẹ yẹn mọ́ láyé wọn. Wọ́n tilẹ̀ fi mọ́sálásí wa sílẹ̀, Stockwell ni wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì lọ kírun. Màmá náà fi iṣẹ́ ìnulẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn, nígbà tí bàbá mi ti jáde, Màmá dúró nídìí sítóòfù, wọ́n fi ọwọ́ jẹ ọbẹ̀ náà láti inú ìkòkò, láìjókòó, títí ó fi tán. Mo ń sunkún, mo ń bẹ̀bẹ̀. Wọn kò bá mi wí. Wọ́n kàn ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sí ara wọn pé, "Wọ́n ní mo rà á."

Ayé ti yí padà báyìí. Ẹ̀yin ọmọ òde òní ń jiyàn lórí fóònù bóyá ènìyàn lè sè é nílé kó rí bíi tiwọn. Ó ṣeé ṣe, ẹ lọ bọ àlùbọ́sà yín. Bí ẹ kò bá lè bọ̀ ọ́, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ yóò gbé e wá kanlẹ̀kùn, ẹ ó na ọwọ́ gbà á láìwo ojú rẹ̀, ẹ ó sì fún ilé oúnjẹ náà ní ìràwọ̀ márùn-ún. Ní oṣù tó kọjá, ọkọ ọmọ mi wọ kíṣìnì, ó da ọbẹ̀ inú ìgò tó rà sórí adìẹ, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ń pè é ní chef, wọ́n ń yà á ní fọ́tò. Ó dára kí ọkùnrin máa dáná, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ yẹn, mo dìde kúrò níbẹ̀. Màmá mi sè é láìtọ́ ọ wò rí, ó sì dójú àmì. Ìyìn kan ṣoṣo tó kàn wọ́n lórí rẹ̀ ni kí ọkọ wọn pè wọ́n ní onírọ́. Ẹnu tèmi ló gba ìyẹn náà lọ́wọ́ wọn.