Marlys àti Páálí Tíṣù Wendell

Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń ta ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́jà ni, Marlys Oftedahl ì bá ti lówó ju gbogbo Portland lọ. Kó tó padà sí yunifásítì, irun ló ń gẹ̀ fáwọn èèyàn, kò sì sí orí tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kò gbọ́ ìtàn ọkọ rẹ̀ àtijọ́ tán kí irun tó gbẹ. Irú obìnrin yìí ló wá lọ kọ́ iṣẹ́ tó jẹ́ pé dídákẹ́ ni olórí rẹ̀. Èmi tí a jọ ń kọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí.

Iṣẹ́ ọ̀hún rèé: ẹni tí ìbànújẹ́ bá dè mọ́lẹ̀ á jẹ olú tí ń ṣí ọkàn payá, á dùbúlẹ̀, á fi aṣọ bojú, orin á máa lọ, olùtọ́jú á sì jókòó tì í títí agbára olú náà á fi lọ lára rẹ̀. Oríṣiríṣi ilé ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ni níṣẹ́ yìí báyìí ní Oregon, ìpínlẹ̀ wa ní Amẹ́ríkà, torí òfin ibẹ̀ fàyè gbà á. Ìwádìí tí Marlys ń ṣe kó tó gboyè ni pé: kí ni wọ́n ń kọ́ àwọn olùtọ́jú wọ̀nyí gan-an? Ó ti fọ̀rọ̀ wá gbogbo olùkọ́ lẹ́nu wò, ó ku Wendell Tsuchida, baba kan tó jẹ́ àgbà nọ́ọ̀sì, tó ń kọ́ èmi àti òun. Ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì sì ti sọ ọ́ lójú ẹ̀ pé láìsí ti Wendell, kò sí oyè lọ́dún yìí.

Wendell kì í gbà fún oníwàádìí. Nígbà tí Marlys yọ ọ́ lẹ́nu títí, ó ní òun á dáhùn, ṣùgbọ́n Marlys gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó ti òun lódidi ọ̀sán kan láìsọ̀rọ̀. Tó bá la ẹnu pẹ́nrẹ́n, kó má bèèrè mọ́ láé. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ wọn, bí a ti ń ṣe ní kíláàsì: ẹnì kan á dùbúlẹ̀, ẹnì kan á jókòó tì í, ẹnì kẹta á máa wo àwọn méjèèjì, kò sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. A kì í jẹ olú níbi ìdánrawò. Orin nìkan ni.

Mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀: "Marlys, ìwọ kẹ̀? Tíì mi ò ní tíì tutù tí wàá ti la ẹnu." Ó ní kí n lọ jókòó.

Ẹ wá wo nǹkan: obìnrin yìí dákẹ́. Ó pa ẹnu dé bí ẹni tó bu omi sẹ́nu. Òjò ń rọ̀ lóde, Wendell nà gbalaja lórí mátírẹ́ẹ̀sì. Nígbà tí orin dùùrù bẹ̀rẹ̀, omijé ń ṣàn jáde lábẹ́ aṣọ tó fi bojú. Kì í ṣe ẹkún àfiṣeré o. Èjìká baba ń gbọ̀n.

Páálí tíṣù wà létí orúnkún Marlys. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí Wendell kọ́ wa ni pé a kì í na tíṣù sí ẹni tó ń sunkún, torí ńṣe ló dà bíi pé a ní kó dákẹ́. Ọwọ́ Marlys ń lọ síbi páálí náà. Bó bá na án pẹ́nrẹ́n, ó ti sọ̀rọ̀. Oyè ń lọ nìyẹn. Ó fa ọwọ́ padà, ó ti méjèèjì bọ abẹ́ ìdí, ó sì jókòó lé wọn. Omi wá ń dà lójú òun náà, ikun ń ṣàn nímú, kò sì sí ọwọ́ tó máa fi nù ún. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí.

Nígbà tí orin parí, Wendell dìde jókòó, ó ká aṣọ kúrò lójú, ó wo Marlys. Ó fa tíṣù kan yọ, ó nà án sí i.

Marlys ò gbà á. Ó wo tíṣù, ó wò mí. Ó rò pé ìdánwò ṣì ń lọ lọ́wọ́ ni.

"Gbà á," Wendell ní. "Ẹni tó dùbúlẹ̀ lòfin yẹn wà fún. Ikun rẹ ti fẹ́ dé àgbọ̀n."

Ó gbà á, ó fun imú. Baba wá ní bí ẹnu Marlys ṣe máa ń rí gẹ́lẹ́ lẹnu Fumiko ìyàwó òun ṣe rí: ó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, òun a sì máa bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi. Láti ìgbà tó ti kú, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ìdí nìyẹn tóun fi ń sá fún Marlys.

"Mo ti rí i pé o lè dákẹ́," ó ní. "Ó tó bẹ́ẹ̀. Jọ̀ọ́, máa sọ̀rọ̀."

Marlys tan ẹ̀rọ tó fi ń gba ohùn sílẹ̀. Mo rò pé ìbéèrè ìwádìí ló kàn.

"Irun Fumiko ńkọ́?" ó ní. "Báwo ló ṣe máa ń gẹ̀ ẹ́?"

Wendell bú sẹ́rìn-ín. Ìbéèrè ìwádìí dé lẹ́yìn náà, ó sì dáhùn gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n irun Fumiko ni wọ́n kọ́kọ́ sọ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Èmi tí ẹnikẹ́ni ò tíì ní kí n la ẹnu, mo na ọwọ́ sí páálí, mo mú tíṣù tèmi, mo nu ojú.