Agolo Òfìfo Lẹ́nu Jẹnẹrétọ̀ Àlájì

Àlájì tó ni ilé ẹja dídì lẹ́yìn ilé wa ní àdúgbò Sawaba ṣì wà láàyè. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí nísinsìnyí: mo fẹ́ kó kà á.

Ó pẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ti ń tú èéfín sí yàrá ọkọ mi, ẹni tí àyà ń dùn, tó sì ń wúkọ́. Kẹ́místrì ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo tọ Àlájì lọ, mo ṣàlàyé pé ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní kátálístì, agolo kan tí inú rẹ̀ rí bí afárá oyin. Bí èéfín gbígbóná bá gba ibẹ̀ kọjá, púpọ̀ nínú májèlé rẹ̀ á yí padà, kátálístì náà kò sì ní tán.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Tíṣà, ẹ mà ti fẹ̀yìn tì! Àbí jẹnẹrétọ̀ mi fẹ́ ṣe ìdánwò ni?"

Àwọn tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Mo ṣì rántí ojú wọn.

Nígbà tí àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí bá a wí, ó ra kátálístì kan tí wọ́n tú lára ọkọ̀ akẹ́rù ní Suame Magazine, ọgbà àwọn mẹkáníìkì. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni ọkọ mi fi sùn dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, èéfín tún ń ta wá lójú, bẹ́ẹ̀ agolo kátálístì ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Mo mọ iṣẹ́ àwọn fítà Magazine: wọ́n á ní afárá yẹn ń fún ẹ̀rọ lọ́rùn, wọ́n á fi òòlù fọ́ ọ dànù, wọ́n á sì jó agolo náà padà.

Kí ọyẹ́ tó lọ, mo di opó. Dókítà kò sọ pé èéfín ló pa á. Èmi ni mo sọ ọ́.

Lẹ́tà mi ló mú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àyíká wá. Àlájì ń gbá agolo náà pẹ́pẹ́ níwájú wọn. "Ẹ wò ó, kátálístì nìyí!"

"Ẹ tú u," ni mo wí.

Wọ́n tú u. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Wọ́n ti ẹ̀rọ náà pa títí Àlájì yóò fi ra kátálístì mìíràn, iná ìjọba sì lọ lọ́jọ́ kejì.

Ó wá kúnlẹ̀ nílé mi. "Ìyá wa, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹja mi ń bàjẹ́."

"Ṣé ó ń wúkọ́ ni?" ni mo bi í.

N kò bẹ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó ẹja náà dà nù, mo jẹun tán, mo sì tún bù sí i.