Igi Ọsàn Wẹ́wẹ́ Tó Ní Táyà

Òórùn ewé ọsàn wẹ́wẹ́ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nígbà ọyẹ́. Nínú àgbàlá tí a háyà ní Dapoya, àdúgbò kan ní Ouaga, eruku á ti bo gbogbo nǹkan kí a tó jí: ìkòkò, àga, títí kan etí ewúrẹ́ onílé. Màámi á ki àkísà tútù bọ̀ mí lọ́wọ́, á ní, "Rísí, nu ojú wọn kí wọ́n lè mí." Àwọn òdòdó rẹ̀ ló ń sọ. Òtútù á ti mú ọwọ́ mi kú, imú mi á máa ṣàn, síbẹ̀ á tún máa pariwo láti inú pálọ̀ pé kí n gbé èyí wá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí n gbé tọ̀hún lọ sójú fèrèsé.

Obìnrin yẹn kì í lè fi nǹkan sílẹ̀ lójú kan. Àga tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti dé abẹ́ fèrèsé. Bàbá mi ń ta páàtì moto, alùpùpù là ń pè bẹ́ẹ̀ níbí. Lọ́jọ́ kan tí iná lọ, ó ti mọ́ṣáláṣí dé, ó fẹ́ jókòó síbi tó ń jókòó sí láti àná, ó bá balẹ̀ gbì. "Ìyá Rísí, ṣé o fẹ́ pa mí ni?" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, àmọ́ ta ló máa rẹ́rìn-ín síta?

Bí Tabaski, ọdún Iléyá, bá ń bọ̀, wàhálà dé nìyẹn. Á fọ òdòdó oníke, á fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù kun àwọn agolo tòmátì tó gbin nǹkan sí, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan pupa. Ṣùgbọ́n kò kan ìṣó mọ́ ògiri rí. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni aago wa fẹ̀yìn tì. Kò sì gbin ewé kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀ rí, inú agolo àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti là ni gbogbo wọn wà. "Èyí tó ṣeé gbé ni mo fẹ́," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Mo mọ ohun tó fà á. Bouaké, ní orílẹ̀-èdè tó pààlà pẹ̀lú ibí, la ti wá. Ó ní ọgbà níbẹ̀, ìbẹ́pẹ, òdòdó lóríṣiríṣi, gbogbo rẹ̀ ló wọlẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ogun dé, ohun tí ọkọ̀ lè gbà nìkan la kó. Bàbá mi ń sunkún ṣọ́ọ̀bù, Màámi ń sunkún ọgbà.

Onílé wa, bàbá àgbà ará Mọ̀ọ́sí kan tí gbogbo ọmọdé ń pè ní Yaaba, ìyẹn bàbá àgbà ní èdè wọn, ló fún mi ní igi ọsàn wẹ́wẹ́ kékeré kan nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Ó ní kí a gbìn ín sí kọ̀rọ̀ àgbàlá. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Mo ti rò ó lọ́kàn ara mi pé bí igi yẹn bá ti lè wọlẹ̀, a ò ní kó lọ mọ́. Ó ti sú mi kí n máa ní ọ̀rẹ́ kí n tún máa fi wọ́n sílẹ̀. Màámi fi èdè wọn dúpẹ́, ó ní, "Barka, Yaaba. Lẹ́yìn òjò." Òjò lọ, òjò mìíràn dé, "lẹ́yìn òjò" náà ló ń wí. Yaaba bá gbẹ́ ihò fúnra rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Nígbà tí mo fi máa ti ilé ìwé dé, Màámi ti dí ihò náà, ó ti gbálẹ̀ lé e lórí. Mo sunkún títí ohùn mi fi há. Mi ò jẹun.

Àánú àwa méjèèjì ló ṣe bàbá mi. Ó gé àgbá sí méjì, ó gbin igi náà sínú ìlàjì kan, ó ní kí àwọn tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá òun de táyà moto mọ́ ọn nídìí. A wá ń tì í tẹ̀lé oòrùn káàkiri àgbàlá. Àwọn ọmọ àdúgbò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Rísí, igi yín ti lọ síbo lónìí?" Màámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi nìkan ni inú mi ò dùn. Lójú tèmi, igi tó ní táyà ti múra ìrìn àjò nìyẹn.

A ò padà lọ síbì kankan. Bàbá mi ti lọ bá Ọlọ́run rẹ̀. Mo ti ní ilé tèmi báyìí, ọ̀dọ̀ mi ni Màámi ń gbé, igi náà sì wà pẹ̀lú wa. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi òdòdó ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ fún àwọn olówó tó ń gbé Ouaga 2000. Ẹnu mi kì í gbẹ: "Madame, ẹ gbìn ín sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó ráyè." Nílé tèmi ńkọ́? Inú ìkòkò ni gbogbo wọn wà. Lásìkò tí a wà yìí tí ìlú ò rójú, ọ̀rọ̀ lílọ ti tún gba ẹnu gbogbo èèyàn, ọkọ mi ń dárúkọ Cotonou, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màámi ní, "Rísí, gbin igi yìí sílẹ̀."

Kí n tó ronú, ẹnu mi ti sọ ọ́: "Lẹ́yìn òjò, Màámi."

"Òjò wo? Ṣé o ò rí ọyẹ́ ni?"

Láàárọ̀ yìí mo fẹ́ ti igi náà kúrò nínú eruku. Mo tì í, kò mira. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀, táyà kan kò sí níbẹ̀. Màámi jókòó sórí ẹní, ó ń jẹ obì, ó kọjú sí ògiri.

"Màámi, táyà dà?"

"Táyà wo?"

Ọkọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀, mo rí i. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn, tó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há nítorí ihò tí wọ́n dí, ká ní ó wà níbẹ̀ ni, á ti sáré gbé ọkọ́ yẹn. Èmi ni mo dọ̀bálẹ̀ yìí, tí mò ń wá táyà kiri lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màámi.