Nítorí "jẹ́rìí," mo jẹ ìgbájú

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbá mi létí ní Àpòmù lónìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ṣì ń ta mí!

Wọ́n kàn bi mí pé irú ìwádìí wo ni mò ń ṣe nídìí kọ̀ǹpútà.

Mo ní, "Bàbá, mo máa ń jẹ́rìí pé iṣẹ́ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà ò ní ṣìṣe."

"Ṣé o dúró tì í nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ni?"

"Rárá o. Ìṣirò ni mo fi ń mọ̀."

Àfi gbòsà!

Wọ́n ká ọwọ́ bùbá sókè, apá wọn wọ́.

"Nígbà wàhálà òṣèlú ẹ̀yìn òmìnira, ẹnì kan jẹ́rìí pé èmi ni mo dáná sunlé n'Ìkirè. Kò sí níbẹ̀! Kùmọ̀ ni wọ́n fi dá apá yìí."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ni kí n máa pe iṣẹ́ mi báyìí, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì tó gba tiẹ̀?