Ìbéèrè Kẹrin

Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni Falilat lọ́dún 2016 tó forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan láti kọ́ sosiọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé pọ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Obìnrin tó ń dá gbé ní Thamesmead nílùú òyìnbó, tó jẹ́ pé àwọn arúgbó tó ń lọ wẹ̀ fún láràárọ̀ nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, òun ló fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń gbé pọ̀. Tawfiq, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti kó lọ sí Leeds. Ọdún Iléyá ló máa ń rántí ìyá ẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo ni Falilat ti ń rẹ́rìn-ín: ṣọ́ọ̀bù Mummy Anisah ní Plumstead High Street, níbi tí ìyá náà ti ń ta gàrí àti ẹja gbígbẹ. Ọdún mẹ́fà gbáko, gbogbo Sátidé, ló ń jókòó lórí àpò ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kántà. Á ròyìn ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, á ròyìn Tawfiq, ìyá náà á máa gbọ́, wọ́n á sì jọ fi òtútù ìlú òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá kúrò níbẹ̀, ó di Sátidé mìíràn kó tó tún rí ẹni bá sọ Yorùbá.

Ìgbà tó yá, tíṣà ní kí oníkálukú wá ẹnì kan ládùúgbò rẹ̀, kó bi í ní ìbéèrè mẹ́wàá tí wọ́n kọ sínú ìwé. Ta ni Falilat ìbá tún mú? Inú Mummy Anisah dùn, ó tún ìborí rẹ̀ wé bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Ìbéèrè mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀rín ni wọ́n fi dáhùn ẹ̀. Falilat ò tilẹ̀ gbójú sókè mọ́, ó ń kà á lọ.

“Number four. Mummy, ọmọ mélòó lẹ bí? Mélòó ló wà láàyè?”

Háà, Falilat! Ẹni tí ìyá ẹ̀ gbá létí rí ní Ìjẹ̀bú-Igbó torí pé ó na ìka, ó ń ka àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀! Ó mọ èèwọ̀ náà dáadáa, ìwé tó ń kà ló gbájú mọ́.

“Ta ló rán ẹ pé kó o wá ka ọmọ mi?”

“Mummy, ẹ jọ̀ọ́, coursework lásán ni. Ẹ jẹ́ ká skip ẹ̀.”

“Máa lọ. Mo ní customers.”

Kò sí ẹnì kankan nínú ṣọ́ọ̀bù. Falilat kúnlẹ̀, ìyá náà sì wọ ẹ̀yìn lọ.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìtìjú ò jẹ́ kó yọjú síbẹ̀. Ó fa ìwé tó kọ ìdáhùn ìyá náà sí ya, ó gba òmíràn, ó sì fi ìgbésí ayé ara rẹ̀ dáhùn ìbéèrè mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Máàkì tó ga jù ní kíláàsì ni wọ́n fún un. Ó pe Tawfiq. Tawfiq ní, “Nice one, Mum, I'll call you back.” Kò pè. Àdánìkanwà gbé e mì lọ́jọ́ náà, ló bá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

“Mummy, mo yege. Mi ò lo ọ̀rọ̀ yín, mo ti fa ìwé náà ya. Ẹ dárí jì mí.”

Mummy Anisah ní, “Kì í ṣe kíkà tó o fẹ́ kà wọ́n ló dùn mí jù. Munir, àkọ́bí mi, Ìbàdàn ló kú sí. Ọdún mẹ́fà lo fi jókòó síbí, o ò bi mí rí pé, Mummy, tiyín ńkọ́? Ọjọ́ tí ìwé rán ẹ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí.”

Falilat bojú wẹ̀yìn. Oníbàárà kan ti dúró sẹ́yìn ẹ̀.

“Kí lo fẹ́ rà?” ni ìyá náà bi Falilat.

Gàrí wà nílé, ó sì tún ra gàrí. Ó dúpẹ́, ó jáde. Bọ́ọ̀sì ti gbéra kó tó yé e pé ìyá náà dárúkọ ọmọ ẹ̀ tó kú fún òun, òun ò sì béèrè ohunkóhun nípa ẹ̀.