Bẹ́ẹ̀dì Ìyá Ọkọ Mi

Àwọn ẹbí ọkọ mi ní èmi ni mo fẹ́ lé ìyá wọn kúrò nílé. Kò kọ́kọ́ sí ẹni tó sọ ọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í pẹ́ mọ̀ bí wọ́n bá ń fi òun ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Oyún àkọ́bí mi ti wọ oṣù kẹjọ nígbà náà, inú sì tètè máa ń bí mi.

Ìjẹ̀bú-Òde là ń gbé, lásìkò tí àwọn ṣọ́jà gbàjọba, tí à ń tò sórí ìlà nítorí mílíìkì àti ọṣẹ. Ọkọ mi ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní fisíìsì. Màmá, ìyá rẹ̀, ń dá gbé ní Ayépé títí wọ́n fi ṣubú lẹ́yìnkùlé. Dókítà ní orúnkún wọn ò lágbára mọ́, wọn ò gbọ́dọ̀ dá gbé. Ni ọkọ mi bá lọ mú wọn wá, ó sì ra bẹ́ẹ̀dì onísípíríìnì fún wọn lọ́wọ́ olùkọ́ kan tó ń kó kúrò nílùú, pẹ̀lú tìmùtìmù tó nípọn. Orí ẹní ni màmá ti ń sùn láti kékeré. Ọkọ mi pe àwọn ará ilé wá wo bẹ́ẹ̀dì náà, ó ní ìyá òun ò tún ní sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́ láyé òun. Màmá súre fún un títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Kò pẹ́ tí màmá fi ní àwọn ń padà sí Ayépé. Kí ló dé? Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ṣé oúnjẹ ni? Oúnjẹ dára. Ṣé ìyàwó ṣẹ̀ yín ni? Ìyàwó ò ṣẹ àwọn. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ tó ni àwọn ẹbí ò gbà á gbọ́ tó, wọ́n ní màmá ń bo àṣírí mi ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá láti Ìbefùn, wọn ò tilẹ̀ mu omi tí mo gbé fún wọn.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Kí lo fi ṣe ìyá wa?"

"Màmá ló jókòó yẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bi wọ́n."

Mo wo ọkọ mi pé kó gbà mí sílẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò. Ìyẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Wọ́n fi ìrìn-àjò sí ọjọ́ Sátidé, mo sì mọ̀ pé bí màmá bá tún fi lè ṣubú ní Ayépé, ọrùn mi ni wọ́n máa gbé e kọ́ títí ayé.

Ní Ọjọ́bọ̀, màmá wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń já ẹ̀fọ́. Mo wọ yàrá wọn lọ ká aṣọ. Ooru mú, ẹsẹ̀ mi wú, mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì gbé mi mì. Ìgbà tí mo fẹ́ dìde, kò ṣeé ṣe. Mo fi ọwọ́ ti tìmùtìmù, ọwọ́ rì. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ tì í, ìgbọ̀nwọ́ rì. Ẹni tó bá fẹ́ dìde gbọ́dọ̀ rí nǹkan tì, kí nǹkan náà sì tì í padà. Bẹ́ẹ̀dì yìí ń gbà ni, kò dá nǹkan kan padà. Níbi tí mo ti ń japoró bí ìjàpá tí wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀, màmá yọ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wò mí, mo wò wọ́n.

"Màmá, ṣé bó ṣe máa ń ṣe yín nìyí?"

Wọ́n rọra jókòó sórí àpótí. "Láràárọ̀ ni, ìyàwó mi. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n mí, kí n tó yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀, á ti dà sí mi lára. Mo máa ń yára fọ aṣọ náà kí ẹ tó jí."

"Ẹ ò wá sọ?"

"Kí ni n óò sọ? Ọmọ mi pe gbogbo ayé wá wo bẹ́ẹ̀dì. Bí mo bá tẹ́ ẹní sílẹ̀, wọn á ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló sọ. Ní Ayépé, kò sẹ́ni tó máa rí mi."

Ó yẹ kí n bínú, nítorí ìyà tí ìdákẹ́jẹ́ wọn fi jẹ mí. Àánú wọn ló ṣe mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ fà mí dìde tí èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fà wọ́n lulẹ̀, ẹ̀rín pa àwa méjèèjì. Bí wọ́n ṣe máa ń yí bọ́ sílẹ̀ ni mo ṣe yí.

Nígbà tí ọkọ mi dé, mo ní, "Ọ̀gá fisíìsì, ẹ wá gbé tìmùtìmù yìí kúrò." Ó gbé e. Sípíríìnì ti fà, ó sọ̀ kalẹ̀ láàárín bí ìsàlẹ̀ àpò. Orí tábìlì wa ló ti máa ń so òkúta mọ́ sípíríìnì láti múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tí á máa ṣàlàyé fún mi pé bí a bá fà á kọjá agbára rẹ̀, kì í padà sí bó ṣe wà mọ́. Mo sọ ohun tí màmá ń fojú rí fún un. Ló bá bẹ̀ mí. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ pe kafíńtà.

Lọ́jọ́ kejì, kafíńtà wá kan pákó lé irin bẹ́ẹ̀dì náà. Ẹní màmá la tẹ́ sórí pákó.

Láàárọ̀ Sátidé, ìró ìgbálẹ̀ ló jí wa. Ọkọ mi fò dìde jókòó. "Màmá ló ń gbálẹ̀! Lọ gbà á lọ́wọ́ wọn, kí àwọn èèyàn má baà tún rí nǹkan sọ."

Ìyàwó tó bá gbọ́n, sísáré ni ì bá sáré jáde. Mo fa aṣọ bora. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbálẹ̀."

Láti fèrèsé, mo gbọ́ tí obìnrin aládùúgbò wa ń kí wọn. "Màmá, a gbọ́ pé òní lẹ ń lọ. Ìyàwó yín dà, tí ẹ fi ń gbálẹ̀?"

"Mi ò lọ mọ́," ni màmá wí, ìgbálẹ̀ ò dúró. "Ẹ jẹ́ kó sùn. Èmi ni mo kọ́kọ́ dìde."